Òògùn Inú Ẹ̀wà



Ní 1936, obìnrin Amẹ́ríkà kan, Rachel Carson, ń kọ̀wé nípa ẹja sí ìwé ìròyìn kan ní Baltimore. Nígbà tó yá, ó wádìí DDT, òògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sóko. Ní 1962 ó kọ ọ́ síta pé ó ń pa ẹyẹ, ó sì ń wọ inú oúnjẹ ènìyàn. Àwọn tó ń ṣe òògùn bú u, kò yẹsẹ̀. Ó kú ní 1964. Ní 1972 ìjọba wọn fòfin dè é lóko.

Àwa tí à ń kó ẹ̀wà ránṣẹ́ sílé, ẹ jẹ́ kí a máa bi ẹni tó tà á pé òògùn wo ló fi sí i. Bí kò bá lè sọ, kí a má rà á. Ẹnu ọmọ wa ló ń lọ.