Pápá Ọkọ̀-Òfurufú Ogun Láàárín Oko

Oko ni ilẹ̀ Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó di pápá ọkọ̀-òfurufú ogun ní 1941. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ 76 ti ń gbéra lóru lọ ju bọ́ǹbù sí Jámánì. Ọmọ Nàìjíríà kan, Akin Shenbanjo, wà nínú wọn. Wáyálẹ́ẹ̀sì ni ó ń mójú tó. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ Halifax wọn ní ‘Ọmọ Ọba Dúdú’, ọmọ ọba tí ewu nìkan jẹ́ ogún rẹ̀! Ó gba àmì-ẹ̀yẹ DFC. Nínú nǹkan bí 125,000 ọmọ-ogun tí ń fò bẹ́ẹ̀, 55,573 ni ó kú. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àti ọmọ tí bọ́ǹbù ká mọ́lé ní Hamburg ní 1943 ńkọ́? Àwọn náà kò di ìbọn mú. Shenbanjo yè é. Àgbẹ̀ ti padà sórí ilẹ̀ náà.