Kí A Tó Ri Òpó Ààlà



Kí Òfin Ilẹ̀ 1978 tó dé, ìgbìmọ̀ àdúgbò ló ń yẹ ààlà ilẹ̀ wò, bóyá ẹlòmíràn ti ni ín, kí Ọba Bìní tó fọwọ́ sí i. Ní 2017, òfin Ìpínlẹ̀ Ẹdó gba títa ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò. Síbẹ̀, ará àdúgbò ló mọ ibi tí àgbàrá ń gbà, àti ibi tí Iya, yàrà àtijọ́, gbà kọjá.

Nítorí náà, kí a tó ri òpó, ẹ jẹ́ kí a pe onílé àti aládùúgbò, kí awọnlẹ̀ wọn ilẹ̀ lójú wọn. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ilé ni kí ọmọ wa jogún, kì í ṣe ẹjọ́.