GBÈSÈ TI TÁN, ORÚKỌ KÒ PARẸ́
Ọ̀rọ̀ tí olùṣètò ẹgbẹ́ wa sọ fún àwọn ará ìlú ní Iléṣà

N kò wá sọ̀rọ̀ ọ̀nà tàbí omi ẹ̀rọ. Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni mo bá wá.

Gbèsè kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀ṣà. Àwọn baba wa ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló. Wọ́n á ru aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á ló òṣó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó yóò fi jáde. Ó ń dójú ti ni, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n onígbèsè mọ ẹni tó ló òṣó, ó sì mọ iye tí òun jẹ. Bí ó bá ti sanwó, Òṣómàáló á dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Òṣómàáló ti òde òní kì í dìde.

Lọ́dún 2023, mo yá ₦30,000 lórí fóònù lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan, mo fi san owó ilé ìwé ọmọ mi. Mo san án tòun tèlé kí ọjọ́ tó pé. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ pákí, mo bá gba báǹkì kan lọ ní Òṣogbo. Akọ̀wé tẹ orúkọ mi sínú kọ̀ǹpútà, ó wò mí lójú, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ gbèsè tí ẹ kò san." Mo fi ẹ̀rí ìsanwó hàn án. Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ lòun máa tẹ̀lé. Oṣù méje ni mo fi ń pe iléeṣẹ́ yẹn. Ẹni tó gbé fóònù lánàá kọ́ ló ń gbé e lónìí. Kí n tó mọ̀, ẹni tó ni ẹ̀rọ ti tà á fún ẹlòmíràn.

Lọ́dún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí àwọn iléeṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, tó ń delé fún Ààrẹ nígbà náà, ló fọwọ́ sí i. Òfin náà kò burú tán: ẹni tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀ lè fi orúkọ rere yáwó. O sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí o sì jiyàn bí irọ́ bá wà níbẹ̀. Mélòó nínú wa ní Ìbòkun tàbí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí? Òfin yìí kan náà ló ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀, ó kéré tán, fún ọdún 6, kí wọ́n tún fi pamọ́ fún ọdún 10 sí i kí wọ́n tó lè pa á rẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí o yáwó á ti tó ìdánwò ìwé mẹ́wàá ṣe!

Lóòótọ́, àjọ FCCPC ya bo ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù kan ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2022, nítorí bí wọ́n ṣe ń dójú ti onígbèsè lójú ẹbí àti ọ̀rẹ́. Lọ́dún 2025, ó tún gbé ìlànà jáde tí ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦100,000,000. A kí wọn. Ṣùgbọ́n òfin 2017 ṣì wà bó ṣe wà.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ nìyí. Kí ayánilówó kìlọ̀ fún ọ, ní èdè tí o gbọ́, kó tó fi orúkọ rẹ ránṣẹ́. Bí o bá ti sanwó, kó tún un kọ láàárín ọjọ́ 7. Bí ìjà bá dé, òun ni kó mú ẹ̀rí wá. Bó bá parọ́ mọ́ ọ, kó sanwó fún ìwọ, kì í ṣe fún ìjọba nìkan. A kò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè kó má san o. Ọmọ Òṣómàáló kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Gómìnà kò lè ṣe òfin yìí, ilé aṣòfin Òṣogbo kò lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ báǹkì, Àbújá ló wà. Nítorí náà, tí àwọn tó ń du ipò aṣòfin Àbújá bá wá bẹ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí òfin 2017. Ẹ bi tiwa náà. Ẹni tó bá ní rìsíìtì gbèsè tó ti san, tí wọ́n sì tún ń pè é ní ajigbèsè, kó mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. A ń kó wọn jọ.