Oró Kòkòrò Nínú Imú



Bí oyin bá ta ọmọdé ní ètè, ètè á wú. Oyin ti fò lọ, ètè ṣì ń wú sí i. Kí ló fà á? Oró oyin ti kù síbẹ̀, ara ọmọ náà sì ń bá oró jà. Ìjà ara wa gan-an ni à ń pè ní wíwú. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí nínú imú.

Egungun ojú wa kò dì tán. Àwọn yàrá kéékèèké wà nínú rẹ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì: ní iwájú orí, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ ojú àti lẹ́yìn imú. Awọ fẹ́lẹ́ ló bo inú wọn. Irun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí wà lára awọ yìí. Wọ́n ń gbá ikun àti eruku jáde bí ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yàrá wọ̀nyí há gan-an.

Bí ọ̀finkìn bá mú wa, awọ náà a wú díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, a máa lọ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, kòkòrò àrùn a ráyè pọ̀ sí i nínú yàrá tó ti dí. Àwọn kan ń tu oró jáde. Àwọn mìíràn gbé oró wọn wọ̀ bí ẹ̀wù, tó fi jẹ́ pé bí kòkòrò bá kú, oró rẹ̀ kò kú. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Richard Pfeiffer, fi èyí hàn ní 1892. Ó pa kòkòrò onígbáméjì, ó fi abẹ́rẹ́ gún òkú wọn sára àwọn ẹranko kéékèèké. Àwọn ẹranko náà kú.

Bí oró bá kan awọ imú, awọ a ké sí ara fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ a ya lọ síbẹ̀, omi a jò jáde láti inú iṣan, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ a dé. Awọ a nípọn, ẹnu ọ̀nà a dí pátápátá. Àwọn irun wa kò ní lè gbálẹ̀ mọ́. Ikun a há sínú, a di ọyún. Ìdí nìyẹn tí iwájú orí fi ń fọ́ni, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń wúwo bí a bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èéfín ń ba irun wọ̀nyẹn jẹ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan ẹja, mo mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ ni. Ẹ sáà jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń wá, kí èéfín máa lọ sí iwájú.

Hóró oògùn aláwọ̀ méjì tí wọ́n ń tà lójú títì kò ran ọ̀finkìn lásán. Ní 2017 ni ìjọba gbógun ti títà irú rẹ̀ ní Adjégounlé, ní ọjà Dantokpa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń wá a kiri. Omi iyọ̀ ni kí ẹ fi fọ imú: ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú sínú ìlàjì lítà omi tí a ti sè, tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bí ó bá ju ọjọ́ 10 lọ tí kò dín kù, tàbí tó ti ń sàn tó tún wá le sí i, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ìpéǹpéjú ọmọ bá wú, tí ó ń rí nǹkan kan ní méjì, tàbí tí ọrùn rẹ̀ le gan, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Egungun fẹ́lẹ́ ló wà láàárín yàrá wọ̀nyí àti ojú àti ọpọlọ. Ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà.