Ẹ Lọ Gbọ́ Àpàlà Lójú Agbo

Ẹ̀yin ará Ayépé ni mo dìídì ń bá wí lónìí. Bí ẹ bá gbọ́ pé Músílíù Hárúnà Ìṣọ̀lá ń bọ̀ wá ṣeré ní ìtòsí yín, ẹ má ṣe sọ pé orin rẹ̀ wà nínú fóònù yín. Ẹ dìde, ẹ lọ wò ó.

Bàbá rẹ̀, Àlàájì Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kọ́kọ́ ṣe àwo ní 1948. Ọ̀rìmólúsì Adébóyè, ọba ìlú wọn, ni ó fi yìn. Àwo náà kò tà. Òde ìnáwó ni ó sọ Hárúnà di ẹni tí àwọn olówó ń wá kiri. Ó ń ti òde kan bọ́ sí òmíràn, títí orúkọ rẹ̀ fi kàn. Nígbà tí ó tún orin náà ṣe ní 1955, lẹ́yìn tí ọba wàjà, ìgbà náà ni àwo wá tà. Kò yà mí lẹ́nu. Ojú kan àwo ayé ìgbà náà kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ; kí ni ènìyàn fẹ́ fi ìṣẹ́jú 3 gbọ́ nínú àpàlà?

Hárúnà kì í lo ohun èlò òyìnbó. Yóò jókòó lórí àga, onígángan méjì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú agídìgbo, akúba, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, olùkọ́ yín ti kọ́ yín pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Gángan kò ní ètè, ohùn nìkan ni ó ní. Onílù yóò fún ọṣán rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, ohùn a gòkè. Yóò dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Nítorí náà, ìlù kan náà lè jẹ́ oríkì, ó sì lè jẹ́ èébú. Bí ẹ kò bá rí ẹni tí onílù kọjú sí, báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀? Lójú agbo, olórin yóò pe orúkọ ẹnìkan, gángan yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹni náà yóò mi orí, yóò sì dìde. (Bí ó bá ná gbogbo owó àpò rẹ̀ tán níbẹ̀, ìyẹn kò kàn wá.)

Ẹ̀rù kan ń bà mí. Onílù ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ ohun tí ìlù ń wí ń dín kù. Lẹ́yìn tí Hárúnà kú ní 1983 ni Músílíù gba iṣẹ́ náà. Àwo rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Soyoyo mú àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ bàbá rẹ̀ jó. Òun náà ti di àgbà wàyí.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má jókòó ti sípíkà. Ẹ sún mọ́ onígángan. Ẹ mú àgbàlagbà kan tí ó gbọ́ ìlù dání, kí ọmọdé lè máa bi í pé, “Bàbá, kí ni ó wí?” Ẹ má ṣe máa fò bí ẹni ń jó fújì, ijó pẹ̀lẹ́ ni ti àpàlà. Ẹ sì jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí bí agbo bá gbóná, ilẹ̀ a máa mọ́ bá wọn níbẹ̀.