Onílé Ni Kò Ní Gbà fún Un: Ìbò, Ilé Gbígbé àti Ojú Odò ní Ìbàdàn

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní ọdún yìí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lórí ìtàn àròsọ tàbí ewì ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ẹ fi orí jì mí. Òwe kan ṣoṣo ni mo mú wá, ìdìbò kan tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ni ó sì jẹ́ kí òwe náà yé mi.

Òwe náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níhìn-ín: Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí à ń pè ní ìfohunpènìyàn. Àgbàrá ní èrò tirẹ̀, onílé ní ìpinnu tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì dojú kọ ara wọn bí ìjàkadì. A ó sọ bẹ́ẹ̀, a ó sì kọjá sí òwe mìíràn. Ohun tí n kò bi ara mi rí ni pé ta ni onílé inú òwe yìí?

Ní àdúgbò tí mo ń gbé ní Ìbàdàn, odò kékeré kan wà tí ó ń ṣàn lọ bá Odò Ọ̀nà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó kọjá. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà ní ìgbìmọ̀ kan tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń wo ibi tí ẹni tí ó ra ilẹ̀ fẹ́ kọ́lé sí, òun náà ni ó sì ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n bí ó bá ní rárá, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ níbẹ̀. Ipò alága ìgbìmọ̀ yìí ni mo jáde dù. Ohun méjì ni mo gbé lọ síwájú àwọn ènìyàn. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí ojú odò mọ́, kí a gbin igi àti koríko sí etí rẹ̀ kí ilẹ̀ lè máa fa omi mu. Mo tún ní kí a gbà kí ẹni tí ó ní ilẹ̀ ní òkè kọ́ ilé oníyàrá púpọ̀ fún àwọn ayálégbé, nítorí pé owó ilé ní òkè ni ó ń lé tálákà lọ sí ẹsẹ̀ omi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì lójú mi. Ẹni tí a kò fún ní àyè ní òkè yóò wá àyè ní ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ sì ni àgbàrá ń lọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé ohun tí àgbàrá lè ṣe fún ará Ìbàdàn. Odò Ògùnpa gba àárín ìlú yìí kọjá, ó sì ti kún bo ilé ní ọdún 1960, ní 1963 àti ní 1978 kí ó tó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Omíyalé. Àwọn tí ó kú lé ní 100. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Ohun tí ó kù lójú mi kò ju ibùsùn tí ó rọ̀ sórí igi àti àwọn àgbàlagbà tí wọn kò sọ̀rọ̀. A kọ́lé sí bèbè odò, a da ilẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn afárá rẹ̀ kò ga tó. Àwọn òkè tí omi ń ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ti di páànù àti kankéré, kò sí koríko tí yóò dá omi dúró fún ìṣẹ́jú kan. Odò tí à ń bú pé ó pànìyàn, ojú ọ̀nà rẹ̀ ni ó ń tọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, lẹ́yìn ọdún 31, ó tún ṣẹlẹ̀. Àwọn afárá wó, omi adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, àwọn tí ó kú sì tún lé ní 100. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé gbà láti yá ìjọba ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé ní Ìbàdàn, a sì rí àwọn afárá àti ojú àgbàrá tí a tún ṣe. Èmi kò kẹ́gàn iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kankéré kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé má kọ́lé síbí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òwe wa, kí a yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ ewì wò. Onílé ni ẹni tí ó ní ilé. Nínú agbo ilé àtijọ́, ta ni ó ní ilé? Baálé ni ó ń pín àyè, òun ni ó ń sọ fún ọmọkùnrin tí ó fẹ́ gbéyàwó pé ibí ni kí o mọ ògiri tìrẹ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé, ìyàwó ilé, arúgbó tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti àlejò tí ó ti pẹ́ débi pé à ń fi oríkì ilé kí àwọn ọmọ rẹ̀, onílé ni gbogbo wọn lójú àgbàrá. Bí òjò bá ṣú, gbogbo wọn ni yóò gbé ọkọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ dí ojú àgbàrá yóò gbọ́ ohùn ìyá arúgbó láti ìyẹ̀wù kí ó tó gbọ́ ti baálé. “Kò ní gbà fún un” inú òwe yẹn, ohùn púpọ̀ ni. Èmi kò sọ pé agbo ilé kò ní ìrẹ́jẹ tirẹ̀. Ẹ bi àwọn obìnrin ilé léèrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí omi yóò gbé ẹní rẹ̀ lọ wà níbẹ̀ nígbà tí a ń sọ ibi tí ògiri yóò dé.

Onílé òde òní yàtọ̀. Ìwé ni ó sọ ọ́ di onílé: rìsíìtì ọmọ onílẹ̀, ìwé sọfíyọ̀, àti, láti ìgbà tí òfin ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé àṣẹ gómìnà pẹ̀lú. Ó lè máa gbé ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí wọ́n ń sùn sínú ilé rẹ̀, nínú yàrá tí ó kojú sí yàrá, ayálégbé ni wọ́n. Àgbàrá kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ wa ni ó mọ̀ ọ́n: onílé nìkan ni ó ń dìbò.

Bí ẹgbẹ́ wa bá jẹ̀bi, kì í ṣe òun nìkan. Àjọ LEDB tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1928, lẹ́yìn àrùn eku tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1924, kò bẹ ẹnikẹ́ni fún ìbò. Ní ọdún 1955, àjọ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, ó sì kó lára àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Súrùlérè. Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Mo máa ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi níyànjú pé kí wọ́n kà á bí ẹni ń ka ìtàn àròsọ. Ilé tuntun náà dára, ó mọ́, ṣùgbọ́n obìnrin tí ń tajà pàdánù oníbàárà rẹ̀, owó ọkọ̀ ń jẹ owó oúnjẹ, ẹbí tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ sì jìnnà síra. Ti Màrókò, tí ìjọba ológun wó ní oṣù Keje ọdún 1990, kò tilẹ̀ ní Súrùlérè kankan fún ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí a lé. Òfin ọdún 1946 ni ó fàyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ètò ìlú ní àwọn agbègbè wa; ti ọdún 1992 pín iṣẹ́ náà láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀; ní ọdún 2003, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ti ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìjọba ni ó ń fi ènìyàn síbẹ̀. Ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ èyí tí ará ìlú dìbò yàn. Èmi kò rí ìdí tí ìbò fi gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ètò ìlú.

Àwọn kan yóò ní ta ni ó ń dìbò fún irú nǹkan báyìí? Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí àwọn ìlú kéékèèké dìbò yan ìgbìmọ̀ ètò ìlú wọn, ọmọ ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 5, kò sì gbọdọ̀ ju 9 lọ. Ayálégbé ń dìbò níbẹ̀ bí onílé. Kí ẹ má rò pé mo ń fi òyìnbó ṣe àwòkọ́ṣe. Ní ọdún 2021, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé kí àwọn ìlú tí ó wà nítòsí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin fàyè sílẹ̀ fún ilé tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè gbé. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn ará Milton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boston, dìbò lòdì sí ètò tí ìlú wọn ti ṣe láti tẹ̀ lé e. Ó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 kí ilé-ẹjọ́ tó sọ pé òfin náà múlẹ̀. Ìbò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ní Milton, ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn jáde sí gbangba láti tì í, ó sì mọ̀ pé òun lè tún pàdé ọ̀rọ̀ náà ní ìdìbò mìíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdìbò tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó dìbò, a ṣe ìpàdé ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Mo sọ̀rọ̀ nípa odò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tí ó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ayálégbé, dìde lẹ́yìn. Ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, Pọ̀fẹ́sọ̀, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìnkùlé yín ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ojú odò ni ó wà ni?” Akọ̀wé ní: “Màmá, ẹ jókòó, ìpàdé onílé nìyí.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ní ọjọ́ kejì mo pe sọfíyọ̀. Igun ògiri mi kan wọ inú àyè tí òfin ní kí a fi sílẹ̀ fún odò. N kò lè ní n kò mọ̀. Nígbà tí a ń mọ ọ́n, bíríkìlà béèrè, mo sì ní kó máa bá a lọ, nítorí pé gbogbo àdúgbò ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wó o. Ní ọjọ́ ìdìbò, mo sọ fún àwọn onílé pé mo ti wó tèmi. Mo rò pé wọn yóò yìn mí. Ńṣe ni gbọ̀ngàn dákẹ́, nítorí pé olúkúlùkù ń ka ìgbésẹ̀ láti ògiri tirẹ̀ dé odò. Ìbò tí mo rí kò tó ìdajì ti ẹni tí ó borí. Àwọn ayálégbé dúró sí ojú fèrèsé níta, wọ́n ń wo bí a ti ń kà á.

Mo ti kọ ìwé sí ẹgbẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ní àdúgbò fún ọdún kan lè dìbò sí ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, kí ó sì lè du ipò níbẹ̀. Wọn kò tí ì gbé e yẹ̀ wò. Ìyá olóúnjẹ náà ti kó lọ nígbà tí owó ilé rẹ̀ lé sí i. Àwọn mìíràn ti wà nínú yàrá rẹ̀ báyìí, àwọn àti ọmọ wọn kékeré méjì, wọn kò sì mọ ibi tí omi máa ń dé lára ògiri wọn.