Awò Inú Ojú Àwọn Àgbà Wa

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó nílé lóko, funfun tí ń bo ẹyinjú àgbà kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ogbó ni ó sábà máa ń fà á. Dókítà a yọ ọ́, a sì fi awò rọ́pò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Harold Ridley ti kọ́kọ́ ṣe ní London ní 1949. Awò àtijọ́ a máa jẹ́ kí a rí ọ̀nà jíjìn. Tuntun tí ń na ìríran a fi ìkòkò orí ààrò kún un. Síbẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ lè béèrè gíláàsì, iná mọ́tò lóru sì lè tàn yí ká. Nítorí náà, bí owó tuntun kò bá tó, ẹ má fi òbí wa sílẹ̀ nínú òkùnkùn: awò àtijọ́ náà ń la ojú.